Ìfófòó Nínú Ẹ́ńjìnnì

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi fa gééjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, ohun tó bá a jáde kì í ṣe ọ́ìlì. Ìfófòó ni. Ó funfun, ó hó bo irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó sì ń rọra ṣàn bọ̀ wá sí ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fọ aṣọ. Gbogbo àwa tí a yí ọkọ̀ náà ká na ọrùn wò ó.

"Ẹnìkan ti da ọṣẹ sínú ọkọ̀ yìí," ni bàbá ọmọ náà wí. "Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lèyí."

Bàbá ọmọ náà ni a ń pè ní Kápẹ́ńtà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti fẹ́ àbúrò mi obìnrin láti ìgbà tí irun ṣì pé sí mi lórí. Ènìyàn rere ni, àmọ́ ó le. Ohun tó bá ti fi ẹnu sọ, ó ti di ìṣó tó wọ pákó, kì í fà á yọ mọ́. Agbẹ̀bí ni àbúrò mi ní tirẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ àtijọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Arúgbó ló sì ń gbé e gòkè lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló wá yan iṣẹ́ mẹkáníìkì. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ Dúdú, nítorí láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ yẹn, mi ò tíì rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó mọ́ rí.

Kápẹ́ńtà kò fẹ́ iṣẹ́ náà fún ọmọ rẹ̀. Ó ti bá a wá àyè sí ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, níbi tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ọmọ ní òun ò lọ. Ni bàbá bá gbé kọ́kọ́rọ́ Arúgbó lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí, ó ní ọkọ̀ náà ni ìdánwò rẹ̀. Tó bá ṣì lè gbé ìyá rẹ̀ gun òkè lọ́jọ́ tí oṣù bá parí, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tí kò bá gbé e, kó ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó lọ sí ọ́fíìsì. Ẹyin lohùn, ó sì ti bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni oṣù máa parí, Ọjọ́bọ̀ la sì wà yìí.

Ọmọ náà kò fi ìdánwò rẹ̀ ṣeré. Ó tú ẹ́ńjìnnì Arúgbó palẹ̀, ó fọ gbogbo rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó tò ó padà. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Kàkà kó da ọ́ìlì tí gbogbo ayé mọ̀ sí i, ọ́ìlì sìntẹ́tíìkì ló rà, èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n pò ní ilé-iṣẹ́ kó lè fara da ooru kó má sì tètè dọ̀tí. Kò ki, ó mọ́ gaara. Ọ̀gá Sípánà, àgbà mẹkáníìkì tó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́, tó sì ti ń tọ́jú Arúgbó ṣáájú rẹ̀, sọ lójú gbogbo ènìyàn, láìtíì rí i, pé ohun tí wọ́n ní ó dà bí omi kò lè gbé irin. Kápẹ́ńtà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àbúrò mi ní òun ò mọ̀, òun ṣáà fẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, Arúgbó di ọmọge. Ẹ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti jí. Àfi bí iná pupa tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èéfín tẹ̀lé e. Agbára ń dín kù lórí òkè. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọkọ̀ dúró sí àárín òkè pẹ̀lú àbúrò mi nínú rẹ̀, aboyún kan sì ń dúró dè é lókè. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Aboyún náà bí láyọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àbúrò mi wú. Àwa sì ti Arúgbó sọ̀kalẹ̀ padà sí iwájú ilé wọn.

Ẹni tí Kápẹ́ńtà ránṣẹ́ pè ni Kọ́pùrà, ọlọ́pàá kan tó tinrín tí ìgbànú rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ó fi ṣíbí bu ìfófòó náà sínú ìgò kékeré, ó dé e, ó kọ ọjọ́ sí i lára. Ó béèrè ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí iṣẹ́ ọmọ náà. Kápẹ́ńtà dárúkọ Ọ̀gá Sípánà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́pùrà ní kí àgbà náà wá rí òun ní àgọ́ ní ọjọ́ Ajé. Bó ṣe ń yíjú padà ló rí ìyàwó mi tó ń bọ̀, ó sì nà gbọnrangandan.

"Ọ̀gá mi, ẹ káàsán, mà."

"Sinmi, ọmọ mi," ni ìyàwó mi wí.

Ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Atọpinpin ni wọ́n ń pè é ní gbogbo àgọ́ tó ti ṣiṣẹ́. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀ ló fẹ́, mo sì ti gbà pé irọ́ kankan kò lè gbé inú ilé mi pẹ́. Nígbà kan mo jẹ àkàrà òyìnbó tó fi pamọ́ fún àlejò, ojú ló kàn fi wò mí, mo sì jẹ́wọ́ kó tó jókòó.

Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ ẹ́ńjìnnì wò. Ó rí òwú funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́nu ihò gééjì, ó fi èékánná mú un. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó fi ìka ra inú rẹ̀, ó sì wo ìka náà lójú oòrùn. Nǹkan pupa kíkúnná díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìfófòó díẹ̀ nínú ife dígí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà mọ́ títí òun yóò fi sọ̀rọ̀.

*

Ọlọ́wọ́ Dúdú tẹ̀lé wa délé. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò lè mọ́.

"Mọ́mì Àgbà," ló wí fún ìyàwó mi, "tí kò bá sí ẹni tó ba ọkọ̀ yẹn jẹ́, a jẹ́ pé èmi ni mi ò mọṣẹ́. Tí ẹnìkan bá sì bà á jẹ́, ọ̀gá mi ni wọ́n máa mú. Èwo ni kí n máa gbàdúrà fún?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ìbéèrè mìíràn ni Atọpinpin fi dáhùn. Ó bi í léèrè bó ṣe wọn ọ́ìlì tó dà sí i, ọmọ náà sì ní ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì ń gbà gan-an lòun dà, ìyókù inú gálọ̀nù wà nínú búùtù Arúgbó. Ǹjẹ́ ó tún wò ó lẹ́yìn náà? Ó ní òun wò ó lọ́jọ́ kìíní, ó pé. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ìyá òun ni ọkọ̀ wà. Nígbà tí òun tún máa fa gééjì yọ, ìfófòó ti bò ó dé ọrùn, kò sí ohun tí ojú lè kà lára rẹ̀.

Èmi ní tèmi ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lójú ọ̀nà, mo ti yà sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà, mo sì rí abọ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè nawọ́ mú. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú ìyàwó mi bí ọdẹ tó gbé ẹran dé.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka bu ìfófòó inú ife dígí, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé ọwọ́ sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Omi kàn ń yọ̀ lára rẹ̀, kò hó rárá. Ó wá fi ìka bu ọṣẹ inú abọ́ mi, ó tún gbé ọwọ́ sábẹ́ omi, ó hó dé ọrùn ọwọ́.

"Tíṣà, ọṣẹ kì í bá omi ṣọ̀tá," ló wí. "Ẹ dá abọ́ ọmọ yìí padà."

Ó gbé ife náà sójú fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wò ó kí n tó fọ ẹnu pàápàá. Ìfófòó ti tán. Ohun tó kù nínú ife ni ọ́ìlì tó mọ́ gaara, tí mo lè rí ìka mi ní òdìkejì rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀," ni Atọpinpin wí lẹ́yìn mi. "Kò sí ẹni tó da nǹkan burúkú sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù díẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ nǹkan rere ni wọ́n dà."

Mo ní kò yé mi. Ó ní kí n wọ bàtà.

*

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sípánà la kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin náà ti gbọ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá ń retí òun, ó sì ti ń tú ẹ́ńjìnnì kan tí kò sí ẹni tó ní kó tú u. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kó tó di pé a bi í. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ náà ti gba Arúgbó, òun ò fọwọ́ kan án. Òótọ́ ni pé àbúrò mi máa ń dúró kí òun nígbà tó bá ń lọ ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kíkí lásán ni.

Atọpinpin bi í ní ohun tó rò nípa ọ́ìlì tuntun yìí.

"Màdáámú, èmi ò lè purọ́ fún yín. Ó mọ́ bí oyin, ó sì ń ṣàn bí omi. Kò sí àwọ̀ kankan lára rẹ̀ tí ojú lè dì mú. Irú ọ́ìlì wo nìyẹn?"

Ìyàwó mi mi orí bí ẹni tó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kó bá òun dé ìdí Arúgbó, kó bá òun wo ọ́ìlì náà. Ọkọ̀ ti tutù láti àná. Ọ̀gá Sípánà fa gééjì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́ padà, ó tún fà á yọ, ó sì gbé e sójú oòrùn. Èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo na ọrùn. Irin náà ń dán bíi ṣíbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí ìlà ọ́ìlì kankan níbẹ̀. Àgbà náà yára tì í bọ̀ ọ́ padà.

"Ó kún," ló wí. "Ọmọ yẹn ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa."

Mo fẹ́ lanu, Atọpinpin tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Àbúrò mi ló kàn. Ó ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi lọ, ó sì ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìyàwó mi, tó máa ń pè é ní ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìyàwó ilé, ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ́ìlì yìí, ojú mi ti ń ṣú." Irọ́ gbuu ni, ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Àbúrò mi fa òwú yọ nínú àpò, ó fi nu gééjì náà, ó wò ó. Irin ṣì ń dán. Ó yí ojú sí ibòmíràn.

"Ó kún dáadáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, àwọn aláboyún ń retí mi."

Nígbà náà ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọmọ ìyá mi ni, mo sì mọ ohùn tó fi ń purọ́ láti kékeré.

A bá Kápẹ́ńtà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Inú ń bí i, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìbínú náà dá iṣẹ́ dúró. Ó ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òun kò yẹ̀, pé tí Arúgbó kò bá gòkè lọ́la, ọ́fíìsì ni, pé ohun tí bàbá bá ti sọ, ó ti sọ. Bó ṣe ń bá mi jà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, Atọpinpin ń rìn káàkiri lẹ́yìn wa. Ó fọwọ́ kan pákó yìí, ó fọwọ́ kan tọ̀hún. Ó dé igun kan tí wọ́n fi aṣọ bo nǹkan sí, ó ká etí aṣọ náà sókè díẹ̀, ó sì dá a padà. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó sì fẹ́ sunkún.

Nígbà tó ní kó wá bá òun wo ọ́ìlì, Kápẹ́ńtà kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kápẹ́ńtà lòun. Ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún ìyàwó mi, ó sì tẹ̀lé wa. Ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó fa gééjì yọ. Ó wò ó pẹ́ ju àwọn yòókù lọ.

"Ó kún, Àǹtí," ló wí pẹ̀lú ohùn líle. "Kí lẹ tún ń wá?"

*

Bí a ṣe dé kọ̀rọ̀ báyìí ni mo tú gbogbo rẹ̀ jáde. Mo ní ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ẹni mẹ́ta wo irin gbígbẹ, ẹni mẹ́ta ní ó kún. Ẹni mẹ́ta kì í pa irọ́ kan náà láìjẹ́ pé wọ́n jọ gbìmọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà jóná, kí ọmọ náà lè lọ sí ọ́fíìsì. Ó dùn mí pé àbúrò mi wà níbẹ̀, àmọ́ òtítọ́ ni òtítọ́.

Atọpinpin jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó sì máa ń bí mi nínú jù lọ nìyẹn.

"Ẹni mẹ́ta lè pa irọ́ kan náà, Tíṣà," ló wá wí, "tó bá jẹ́ pé ẹnìkan náà ni wọ́n jọ fẹ́ràn."

Ó ní kí n pe gbogbo wọn sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́, kí n sì bá òun ra búrẹ́dì wá. Mo rò pé ebi ń pa á.

*

Gbogbo wa pé. Wọ́n ti ti Arúgbó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Kọ́pùrà mú ìgò rẹ̀ wá, ojú sì ń tì í, nítorí ìfófòó inú rẹ̀ ti lọ. Ó ní òun ti bi gbogbo àwọn tó wà ní àgọ́ léèrè ẹni tó tú ìdérí rẹ̀. Ọ̀gá Sípánà dúró lẹ́bàá ògiri, ó ká ọwọ́ kò. Ọlọ́wọ́ Dúdú kò lè wo ojú rẹ̀.

Atọpinpin gbé búrẹ́dì fún Kọ́pùrà, ìwé tí wọ́n fi wé e ló mú. Ó fa gééjì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Ó gbé e yí gbogbo wa ká bí ẹni ń gbé àwo kiri.

"Ta ló rí ọ́ìlì lára rẹ̀?"

Ó wá fi irin náà lélẹ̀ lórí ìwé búrẹ́dì, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, ó gbé e kúrò. A sún mọ́ ọn. Ọ́ìlì ti fa ìlà sára ìwé náà, ìlà tó tutù, tó sì ṣe kedere. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó kọjá àmì ìwọ̀n, ó ń lọ sókè ní ìlọ́po méjì ibi tó yẹ kó dúró.

Ọlọ́wọ́ Dúdú ló kọ́kọ́ rí i. Ó gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ó pọ̀ jù," ló wí. "Irin kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí kíákíá. Tí ọ́ìlì bá mọ níwọ̀n, kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, irin yẹn á máa lù ú bí ẹni ń po ẹyin, á sì di ìfófòó. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì á wá máa mu dípò ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń ṣẹ́jú, ìdí nìyẹn tí kò fi lágbára." Ó yíjú sí wa. "Mi ò ronú kan èyí rárá, nítorí èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ta ló tún dà á sí i?"

Atọpinpin yíjú sí Ọ̀gá Sípánà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kan Arúgbó. Ẹ tún ní ọ́ìlì náà mọ́ bí oyin. Gálọ̀nù dúdú ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Níbo lẹ ti rí àwọ̀ rẹ̀?"

Àgbà náà tú ọwọ́ rẹ̀ ká. Ó ní ọjọ́ kan tí àbúrò mi dúró láti ra búrẹ́dì, ọwọ́ òun kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, òun ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun wo gééjì, òun ò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ìlà dúdú lòun ń wá lára gééjì, kò sì sí. Ó ní ẹ̀rù bà òun. Ọmọ tí òun kọ́ níṣẹ́ gbàgbé ọ́ìlì, nínú ìdánwò tí bàbá rẹ̀ fún un. Kí òun tó jẹ́ kí ojú tì í, òun wá ọ́ìlì, òun sì dà á sí i nígbà tí ọkọ̀ tún dúró.

"Irú ọ́ìlì wo lẹ dà?" ni ọmọ náà bi í.

"Irú tìẹ náà ni. Mo lọ rà á ní òdìkejì ìlú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí má baà rí mi."

Kọ́pùrà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, búrẹ́dì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́fun.

Àbúrò mi kò jẹ́ kí wọ́n bi òun. Ó ti rí òwú funfun ẹnu ihò gééjì, irú èyí tó ń gbé nínú àpò rẹ̀, tí ìyàwó mi gbé lé orí ìwé náà. Ó ní òun náà wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun rí i pé ó gbẹ, òun sì da ìyókù inú gálọ̀nù tó wà nínú búùtù sí i. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí bàbá ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́.

"Bàbá ọmọ náà ńkọ́?" ni Atọpinpin wí.

Kápẹ́ńtà wo ilẹ̀. Mo ti mọ ọkùnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò rí i kó wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó mi sọ fún un pé ìyẹ̀ pákó pupa wà nínú ìdérí ọ́ìlì, pé nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pákó pupa ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, aṣọ ló sì fi bò ó. Ó ní òun ò ní sọ ohun tí pákó náà jẹ́, tirẹ̀ nìyẹn láti sọ.

"Èmi ni mo dà á," ni Kápẹ́ńtà wí. "Láràárọ̀, kí ìyá rẹ tó jí. Mo bá dà á, mo bá tún wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Mo tún dà á. Mo rò pé ó ń jo ni."

"Dádì, láràárọ̀?"

"Mo ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mi ò lè kó o padà. Mo wá ní, ó dáa, tí mi ò bá lè kó ọ̀rọ̀ padà, mo lè da ọ́ìlì."

A máa ń sọ pé tí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá yìí ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra ní ìkọ̀kọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lára. Ọlọ́wọ́ Dúdú sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ nu ojú, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Àgbà náà ní kó dìde, kí ló ń bẹ òun fún, ó ní kó lọ gbé bàsíà wá kí àwọn fa àpọ̀jù yẹn jáde.

Àwọn méjèèjì jọ wọ abẹ́ Arúgbó. Bàsíà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Láti abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ọ̀gá Sípánà tó ń bi í pé, ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ni ọ́ìlì náà tilẹ̀ ń ṣe tí tòun kò lè ṣe.

"Kò ní sọ ọ́ di ẹṣin, ọ̀gá mi," ni ọmọ náà dáhùn. "Á kàn tètè jí láàárọ̀, kò ní gbóná jù lórí òkè, yóò sì pẹ́ kó tó dọ̀tí. Tiyín náà ń gbé ọkọ̀. Àmọ́ èyí tó wù kí a dà, tó bá ti ju ìwọ̀n, wàhálà ni."

"Àṣejù, baba àṣetẹ́," ni àgbà náà wí. "Fún mi ní sípánà yẹn."

Kọ́pùrà da ohun inú ìgò rẹ̀ sínú bàsíà, ó fagi lé orúkọ Ọ̀gá Sípánà nínú ìwé rẹ̀, ó sì mú búrẹ́dì tó kù lọ.

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Arúgbó gun òkè. Ọlọ́wọ́ Dúdú ló wà á, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti Atọpinpin há mọ́ Kápẹ́ńtà lẹ́yìn, pẹ̀lú nǹkan pẹlẹbẹ kan tí aṣọ bò lórí ẹsẹ̀ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná pupa kò ṣẹ́jú. Ibi tí ọkọ̀ ti dúró lọ́jọ́sí, a kọjá rẹ̀ láìmọ̀, àfi ìgbà tí àbúrò mi ní, "Ibí yìí ni mo ti bọ́ bàtà." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ráhùn nípa orúnkún mi.

Nígbà tí a dókè, Kápẹ́ńtà ká aṣọ náà kúrò. Pátákó tí a ń gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ni, pákó pupa tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tó fá títí tó fi ń dán. Ohun tó gbẹ́ sára rẹ̀ ni: ỌMỌ KÁPẸ́ŃTÀ, MẸKÁNÍÌKÌ. Iṣẹ́ irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ìdánwò tó ní ìdáhùn.

Ọmọ rẹ̀ yíjú padà, ó fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà. Kápẹ́ńtà ṣe ohun tí ó máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, ó wá nǹkan fún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó jáde, ó lọ síwájú ọkọ̀. Ọlọ́wọ́ Dúdú pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kó dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa gééjì yọ, ó gbé e sójú oòrùn. Mo rí bí iwájú orí rẹ̀ ṣe kó jọ, mo sì rí i tí ọwọ́ rẹ̀ kejì ń lọ sí ìdérí ọ́ìlì.

Ọmọ rẹ̀ na ìwé búrẹ́dì sí i.

Ó wo ìwé náà, ó wo ọmọ náà. Ó fi irin lé ìwé, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e kúrò. Ìlà tutù náà dúró déédéé sí ojú àmì, kò kọjá, kò sì dín. Ó wò ó pẹ́, bó ṣe ń wo etí pákó tó bá gún.

"Ó tó," ló wí, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.